Ààrò Inú Mọ́tò

Ọjọ́rú, 4 Disẹ́ńbà 1957

Ọyẹ́ dé lónìí, kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn. Nígbà tí mo jí, ètè mi ti là, gbogbo Agbowó ti funfun bí ibi tí wọ́n da èlùbọ́ sí. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọ bùbá méjì léra, wọ́n da ìborùn bo orí, wọ́n tún gba súwẹ́tà mi kún un, síbẹ̀ eyín wọn ń lu ara wọn.

Mo wá rántí hítà. Láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò yìí lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé rẹ̀, n kò tan nǹkan náà rí. Ta ni yóò máa wá ooru kiri ní Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn gbígbóná ti ń fẹ́ bọ̀ láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n mi na ẹsẹ̀ méjèèjì síbẹ̀, wọ́n ní, "Akínbíyì, ta ló dáná síbí?"

Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Ẹ̀rọ kọ́. Ààrò ni."

Títí a fi dé ọsibítù, eyín wọn kò lu ara wọn mọ́. Dókítà pe èmi nìkan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní inú wọn tó wú yẹn kò ní fà mọ́. Kí n máa gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má jẹ́ kí òtútù mú wọn, bí wọ́n bá sì ní ohun kan tí wọ́n ń fẹ́, kí n ṣe é fún wọn. N kò bi í pé kí ló dé. Wolé-wolé ni mí, mo ti bá dókítà ṣiṣẹ́ pẹ́, mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ àti ohun tí wọn kì í sọ.

Ọjọ́bọ̀, 5 Disẹ́ńbà

Mo bi wọ́n lónìí, bí ẹni ń ṣeré, pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe fún wọn.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ jókòó níwájú mọ́tò rẹ wọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Iwájú o! Má gbé mi sẹ́yìn bí ẹrù. Kí o máa tẹ fèrè láti ẹnu ibodè títí dé ilé bàbá wa. Gbogbo àwọn tó ní èmi Àpínkẹ́ kò lọ́mọ, kí wọ́n jáde síta wá wò mí."

Yéjídé ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé àwo ẹ̀wà, ó wọlé lọ. Mo mọ̀ pé ó lọ sunkún ni. Ọmọ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi bí, ilẹ̀ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ìyá wa bí mi tí wọ́n sì kú, èmi ni ẹ̀gbọ́n mi gbé pọ̀n, àwọn náà kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ nígbà náà.

Mo kọ̀wé béèrè líìfù lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 9 Disẹ́ńbà

Ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀ ní iṣẹ́ pọ̀, líìfù mi di àárín Jánúárì. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní Jánúárì kò jìnnà. Kò jìnnà fún un.

Ọjọ́rú, 11 Disẹ́ńbà

Ojú tì mí lónìí, ojú tì mí gan-an.

Bí a ti kọjá Sáńgó, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Akínbíyì, ẹsẹ̀ mi tutù." Mo fi kún hítà. Nígbà tí a sún mọ́ Mọ́kọ́lá, wọ́n tún ní, "Ẹsẹ̀ mi tutù o." Mo yí hítà dé òpin. Òógùn bò mí, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó tún ń tutù sí i ni." Ara ti ń ta mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kó igi wá síbẹ̀ kí n ṣáná sí i ni?" Wọ́n gbé ojú sí ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbélé.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún wọn ní ọsibítù ni mo rí i. Rọ́ọ̀gì tó wà nílẹ̀ mọ́tò ti mu omi yó. Etí ìró wọn ń kán tó-tó-tó, omi pupa, ó ń rùn bí irin tó dípẹtà. Abẹ́ hítà ló ti ń jò sí wọn lẹ́sẹ̀ láti Sáńgó.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ni mo wá ń sọ? Mo ní tutù. Bí òtútù bá mú mi, ṣé mi ò ní ní òtútù ń mú mi ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní tutù! Gbogbo ìwé tí mo ta iṣu rán ọ kà yìí, wọn ò kọ́ ọ ní tutù níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi áńkáṣífù mi nu ẹsẹ̀ wọn. Ó ti wú, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi a máa dúró síbẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì tẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n bá ṣòfin fún mi. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, bí mo bá ní tutù, omi ni kí o wá. Bí ó bá jẹ́ òtútù ni, màá pariwo òtútù, gbogbo Ìbàdàn yóò gbọ́." Mo ní mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 12 Disẹ́ńbà

Oyèbọ́lá, obìnrin tó ń gbé ojúlé kejì sí wa, rí rọ́ọ̀gì tí mo sá sórí ọgbà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, wolé-wolé. Ẹ wo inú àmù mi lóṣù tó lọ, ẹ ní tanwíji wà níbẹ̀. Ta ni yóò wá wo inú mọ́tò yín báyìí?" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni mo bá ara mi ń rín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rín in títí ikọ́ fi mú wọn.

Àbámẹ́ta, 14 Disẹ́ńbà

Mo ti fún ojú rọ́bà hítà le lánàá, mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń jò. Kò ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ bá Àjàmú, mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìjókòó, ó ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó jáde.

"Ọ̀gá wolé-wolé, èyí ò le rárá. Rọ́bà méjì ló ń gbé omi gbígbóná láti ẹ́ńjìnì wá sínú hítà yìí. Ẹ jẹ́ kí n yọ wọ́n níbẹ̀, kí n fi ẹnu wọn kanra, kí omi máa gba ibòmíràn lọ. Kí hítà máa sùn ní tiẹ̀. Kí ẹ tó mu sìgá kan tán, mo ti ṣe é."

Mo ní hítà gan-an ni mo fẹ́.

Ó sọ sípánà sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí ni? Ní Ìbàdàn?" Ó pe àwọn tó ń jẹun lábẹ́ igi pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń sọ. Nígbà tí mo wí fún un pé ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣàìsàn ni mo fẹ́ ẹ fún, ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò tú irú rẹ̀ rí, ńṣe ni wọ́n máa ń dì í pa, òun ò fẹ́ fi mọ́tò mi kọ́ṣẹ́. Mo ní kò burú, èmi ni yóò tú u nílé. Ó yá mi ní sukudiráfà gígùn kan, ó sì ń wò mí títí mo fi lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Disẹ́ńbà

Mo pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Yéjídé gbé àga ẹ̀gbọ́n mi síbi tí oòrùn wà, ó fi kúbùsù wé wọn, wọ́n wá ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí. Mo fa omi rédíétọ̀ dànù sínú garawa, mo tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó kan àwọn nọ́ọ̀tì yẹn mọ́bẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ ènìyàn tú u láéláé. Èyí tó kẹ́yìn wà ní kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó, ọwọ́ ni mo fi ń wá a bí afọ́jú. Mo bó léèkánná méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rọra o. Má fi ìbínú tú u. Bí o ti ń ṣe sí ìdè bàtà rẹ nìyẹn, tí o máa ń fi eyín já a."

Nígbà tí àpótí hítà jáde, ìdọ̀tí ọdún mélòó kan ló dà sí mi láyà. Òkú aáyán wà níbẹ̀, ewé kan sì wà níbẹ̀ tó pupa, tó rí bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Ìlú òyìnbó ló ti wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n ní, "Ìwọ náà, wo ibi tí ilé rẹ wà. Wo ibi tí o wá gbẹ sí." Mo ṣe bí ẹni ń wá sípánà.

Inú àpótí yẹn ni rédíétọ̀ kékeré kan wà, kò ju Bíbélì ńlá lọ. Òun ni omi gbígbóná ń gbà kọjá. Mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú ọpọ́n ìfọṣọ Yéjídé, mo di ẹnu kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sí èkejì. Omi hó púlúpúlú nígun rẹ̀. Mo ti rí ibi tó ti jò! Mo kígbe bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Disẹ́ńbà

Mo gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń jó òjé mọ́ abọ́ àti fìtílà ní Òkè-Pádì. Ó ní kékeré ni. Ó fi iná sí i, òjé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yọ́, ọ̀pá ibẹ̀ tó ti jẹ tán já lójú iná, ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ wá gba ìka mi. Ó ń bẹ̀ mí. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣe? Mo gbé e sábíyá, mo rìn títí dé Dùgbẹ̀ láìmọ̀ pé mo ń rìn.

Ọjọ́rú, 18 Disẹ́ńbà

Mo fi ẹnu rọ́bà méjèèjì kanra, gẹ́gẹ́ bí Àjàmú ti wí, kí a ṣáà lè dé ọsibítù. Ọyẹ́ ọjọ́ yìí burú. Ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi gbé ohùn sókè, "Òtútù o! Òtútù o!" Òfin tí wọ́n ṣe ni wọ́n ń mú ṣẹ. Àwọn tó ń lọ lọ́nà ń wò wá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ara wọn ń gbọ̀n, n kò sì lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí Sáńgó sí ọsibítù bá ṣe wọ́n báyìí, kí ni ọ̀nà Iléṣà yóò ṣe wọ́n?

Yéjídé ní kí n jẹ́ kí a dúró di ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ. Mo wò ó. Ó gbé ojú kúrò. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọyẹ́ nìkan kọ́ ló ń lọ.

Àbámẹ́ta, 21 Disẹ́ńbà

Mo ti wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irin mọ́tò ní Dùgbẹ̀ àti Gbági. Ẹni kan ní kí n kọ̀wé sí Èkó. Ẹni tó wà ní Èkó yóò kọ̀wé sí ìlú òyìnbó, ó wá di Máàṣì. Ẹnìkejì bi mí bóyá orí mi pé. Mo bá a jà. Mo kúrò níbẹ̀ tán ni mo rí i pé mo ti gbàgbé fìlà mi sórí káńtà rẹ̀, mo tún ní láti fi ìtìjú padà lọ mú un.

Ọjọ́rú, 25 Disẹ́ńbà

Kérésìmesì. Adìẹ wọ́n bí ojú. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ìrẹsì ṣíbí kan, wọ́n ní ó dùn, wọ́n gbé abọ́ padà fún Yéjídé.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Disẹ́ńbà

Àjàmú ránṣẹ́ sí mi. Ó ní mọ́tò kan tó rí bíi tèmi gẹ́lẹ́ já sí kòtò ní Ojoo láti ọjọ́ pípẹ́, koríko ti bò ó, ó sì ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. A jọ lọ. A fi àdá ṣán koríko. Wọ́n ti yọ táyà, wọ́n ti yọ ìjókòó, wọ́n yọ gíláàsì títí kan ọwọ́ ilẹ̀kùn. Hítà nìkan ló jókòó síbẹ̀ pé pérépéré. Kò sí olè tó fẹ́ ẹ! Àjàmú rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú rẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Agbọ́n ti fi ẹrẹ̀ kọ́lé sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. A tú u, a fọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi, mo fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Kò hó rárá. Ẹni tó ni mọ́tò kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a ṣáà kí aláìsàn náà fún òun.

Ọjọ́ Ìsinmi, 29 Disẹ́ńbà

Mo dè é padà. Ó jẹ gbogbo ọ̀sán mi. Mo bu omi sí rédíétọ̀, mo tan ẹ́ńjìnì, mo fi ìwé ìròyìn tẹ́ abẹ́ hítà, mo jókòó tì í. Ìwé ìròyìn kò ní ẹ̀kán kan lára. Mo gbé e wọlé lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní, "Ó gbẹ." Wọ́n ní kí n fi há ara ògiri bí ìwé ẹ̀rí.

Ọjọ́rú, 1 Jánúárì 1958

Ọdún tuntun. Hítà kò jò, ṣùgbọ́n kò gbóná. Atẹ́gùn ló ń fẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí omi tí ènìyàn ti gbàgbé sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ààrò rẹ ti kú." Wọn kò pariwo òtútù. Wọ́n kàn fa kúbùsù dé àgbọ̀n. Ó dùn mí ju ariwo lọ.

Lónìí, wọn kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ìdí mọ́tò mọ́. Mo gbé wọn.

Ọjọ́bọ̀, 2 Jánúárì

Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló há sínú rọ́bà. Mo gbé imú mọ́tò sókè lórí òkúta, mo tú ẹnu rọ́bà, mo jẹ́ kí ó hó jáde. Ó jó mi lọ́wọ́. Wọ́ọ́wọ́ọ́ náà ni.

Àbámẹ́ta, 4 Jánúárì

Mo lọ bá Àjàmú, mo ti múra ìjà. Mo ní hítà tí a jọ yọ ní Ojoo kò gbóná. Ó ní ẹ́ńjìnì ńkọ́? Mo ní ẹ́ńjìnì gan-an kì í gbóná láàárọ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ họ orí.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tẹmosítáàtì."

Mo ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ìdérí kékeré kan ni, ó máa ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná, kí ó tó jẹ́ kí ó lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí hítà tó ń jò, kí n tó wà á lọ, ló ti yọ ọ́. Gbogbo mọ́tò òyìnbó tó bá wọ ọwọ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ. Ilẹ̀ wa gbóná, kí la fẹ́ máa dá ooru dúró fún? Ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde, ó dà á sílẹ̀. Tẹmosítáàtì kún inú rẹ̀, ti mọ́tò adájọ́, ti mọ́tò pásítọ̀, ti gbogbo wa. Kò mọ ìdí tí òun fi kó wọn pamọ́. Ó ní ó ṣòro fún òun láti sọ nǹkan tó mọ́ báyìí nù.

N kò lè bá a jà mọ́. A jókòó sílẹ̀, a ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìsinmi, 5 Jánúárì

Mẹ́rin ló bá ẹnu ẹ́ńjìnì mi mu. Mo kó wọn sínú ìkòkò ọbẹ̀ Yéjídé pẹ̀lú omi, mo gbé e ka stóòfù. Èyí tó bá là nígbà tí omi gbóná, tó tún pa ẹnu dé nígbà tó bá tutù, òun ló dáa. Yéjídé wọlé, ó ṣí ìkòkò, ó ní, "Bàbá Bùsọ́lá, ṣé ohun tí a ó jẹ lálẹ́ nìyí?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí ó fi iyọ̀ sí i. Ó pẹ́ tí ilé wa ti dùn bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta kò mira. Ọ̀kan la ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ẹyẹ.

Ọjọ́ Ajé, 6 Jánúárì

Ó gbóná! Ó gbóná, ó gbẹ! Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi sínú mọ́tò nínú àgbàlá wa kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ọyẹ́ ti bo ilé Oyèbọ́lá mọ́lẹ̀ tí a kò rí i. Mo tan ẹ́ńjìnì. Ooru dé bá ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n tú ìborùn, wọ́n bọ́ súwẹ́tà mi. Wọ́n ní, "Akínbíyì, o ti tún ààrò mi dá." Wọ́n sì sùn lọ níbẹ̀, ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Wọn kò sùn bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Mo jókòó tì wọ́n. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí mi, n kò gbọ́ ohun tó sọ.

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì

Wọn kò bú mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí wọ́n lè bú mi. Wọ́n kàn wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Jánúárì

Líìfù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀la la ń lọ. Yéjídé ti lọ aṣọ ẹtù wọn, ó ti ká gèlè wọn sínú aṣọ funfun. Mo ti wo omi, mo ti wo rọ́bà, mo ti fọwọ́ pa abẹ́ hítà ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n bi mí bóyá fèrè ń dún. Mo jáde lọ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Oyèbọ́lá yọjú, ó rí ojú mi, kò bá mi ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

N kò fọwọ́ kan ìwé yìí láti ọjọ́ náà. Jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n lè sinmi.

Ìdájí ni a kúrò. Mo gbé wọn sí iwájú. Wọn kò wúwo ju ẹtù tí wọ́n wọ̀ lọ. Yéjídé jókòó sẹ́yìn wọn gan-an. Hítà ń ṣiṣẹ́ bí ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Láti Gbọ̀ngán ni wọ́n ti ń dárúkọ ìlú fún mi, bí ẹni pé èmi kọ́ ló ń wa mọ́tò. Ní Ifẹ̀, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀. Wọ́n ní kí Yéjídé tún gèlè àwọn wé, ó ti wọ́ sí apá kan. Ó wé e gogoro bí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

A kọjá Iléṣà, a bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Ọyẹ́ nípọn níbẹ̀, iná mọ́tò ni mo fi ń wá ọ̀nà. Wọ́n ní, jẹ́jẹ́, "Akínbíyì, ẹsẹ̀ mi tutù."

Omi! Lójú ọ̀nà, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí! Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ sínú ìrì. Mo fọwọ́ pa rọ́ọ̀gì, mo fọwọ́ pa rọ́bà, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ hítà títí dé ẹ̀yìn. Ó gbẹ táútáú. Kò sí ẹ̀kán kan. Inú mi dùn, Ọlọ́run mọ̀. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí omi níbẹ̀ o! Ó gbẹ!"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ wá sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "O ṣeun, wolé-wolé."

Mo padà sídìí ọkọ̀. Mo ń súfèé. Èmi, tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń súfèé!

Nígbà tí ọyẹ́ ká, tí mo rí òkè ìlú wa, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó." Wọn kò dáhùn. Mo ti fẹ́ dúró. Yéjídé na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí wọn mú ṣinṣin kí ó má bàa yẹ̀, kí gèlè má bàa wọ́. Ohùn rẹ̀ kò mì. Ó ní, "Ẹ má dúró. Ẹ tẹ fèrè."

Mo tẹ̀ ẹ́. Láti ẹnu ibodè títí dé ilé bàbá wa, n kò gbé ọwọ́ kúrò. N kò pa hítà. Àwọn ènìyàn ń tú jáde, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀ lójú títì nínú eruku. Wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń kígbe, "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá Akínbíyì! Ìyá Akínbíyì, ẹ kú ewu ọ̀nà!" Kò sí ẹnì kan tó pè wọ́n ní Àpínkẹ́. Kò sí ẹnì kan.

A sin wọ́n ní ọjọ́ kejì. Mo fi ewé òyìnbó yẹn sí wọn lọ́wọ́.

Àjàmú wá kí mi lánàá. Lẹ́yìn tó ti kí mi tán, ó dìde, ó wo mọ́tò, ó bi mí bóyá kí òun yọ tẹmosítáàtì yẹn, ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ń bọ̀. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.

Yéjídé ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, ó ní òfin tí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe ni mo tẹ̀lé. Òótọ́ ni. Wọ́n ní tutù, mo wá omi. Rọ́ọ̀gì ni mo fọwọ́ pa, rọ́bà ni mo fọwọ́ pa, abẹ́ hítà ni mo fọwọ́ pa. Ẹsẹ̀ wọn wà níbẹ̀ láàárín ọwọ́ mi méjèèjì, n kò fọwọ́ kàn án.